Kí ni mo lè pò fún adìẹ mi dípò oúnjẹ àpò? Ìdáhùn fún ìyá kan ní Àkóbọ̀

Ìyá Ìbejì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn, ló kọ̀wé sí mi. Ogún adìẹ ISA Brown, irú adìẹ òyìnbó tí wọ́n ń sìn fún ẹyin, ló ń sìn lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ẹyin mẹ́rìndínlógún sí mẹ́tàdínlógún ló ń kó lóòjọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àpò oúnjẹ léyà, ìyẹn oúnjẹ adìẹ tó ń yé, wá ń gbówó lórí ṣáá, aládùúgbò rẹ̀ kan ní kó yéé fowó ṣòfò, pé èèpo pákí àti àgbàdo ti tó, pé adìẹ àwọn bàbá wa kò mọ ohun tó ń jẹ́ àpò fíìdì. Ìyá gbà á gbọ́. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyin ti já sí méje, èèpo rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé ọwọ́ lásán ń fọ́ ọ, àwọn adìẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ẹyin ara wọn jẹ. Ìbéèrè Màmá nìyí: "Kí ni mo lè fi ọwọ́ ara mi pò tí wọ́n á fi padà máa yé, tí mi ò ní máa kó owó ìfẹ̀yìntì fún alápò fíìdì?" Wọ́n tún bi mí ní ìdí lẹ́tà bóyá omi ewúro tí bàbá ilé ń fún àwọn adìẹ náà lè pa wọ́n lára.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ má bínú sí aládùúgbò yín, òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Adìẹ àwọn bàbá wa kò mọ àpò. Ohun tí kò sọ fún yín ni iye ẹyin tí adìẹ ọ̀hún ń yé. Adìẹ ìbílẹ̀ á yé bíi mẹ́wàá tàbí méjìlá, á sàba lé e, á pa ọmọ, á máa da ọmọ kiri fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó tún rántí ìtẹ́. Tẹ́ ẹ bá ka gbogbo ẹyin rẹ̀ láàárín ọdún kan, ó lè má ju 60 lọ. ISA Brown tiyín, tó bá rí ìtọ́jú, á yé tó 300. Kì í sàba, kì í sinmi. Àgbẹ̀ tó ń kọ ẹgbẹ̀rún ebè kò lè jẹ iye tí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ohun tó ń kún ikùn adìẹ pọ̀ n'Ìbàdàn bí eruku ọ̀gbẹlẹ̀. Èèpo pákí, èèrí ògì, èèpo iṣu, búrẹ́dì tó ti le, ẹ̀bà àná, ibi tẹ́ ẹ bá yíjú sí ló wà. Ohun tó ń di ẹyin ló ṣọ̀wọ́n, òun náà ni owó inú àpò fíìdì ń bá lọ.

Ẹ mú ẹyin kan lára àwọn tó ṣì dára, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Á tó bíi gíráàmù 60. Púrótíìnì inú rẹ̀ tó gíráàmù 6 sí 7. Èèpo rẹ̀ á wọn bíi gíráàmù 6, kálísíọ̀mù tó wà nínú èèpo yẹn nìkan sì lé ní gíráàmù 2. Ojoojúmọ́ ni adìẹ ń san gbèsè yìí. Ọjọ́ tí kò bá rí kálísíọ̀mù nínú oúnjẹ, inú eegun ara rẹ̀ ló ti ń fà á yọ. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: tiyín ti ń jẹ eegun ara wọn kẹ́ ẹ tó rí ẹyin eléèpo fẹ́lẹ́. Àwọn tó ń ṣá ẹyin jẹ náà, mi ò ní pè wọ́n lólè. Ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ wá wo ìṣirò oúnjẹ aládùúgbò yín. Adìẹ tó ń yé dáadáa ń jẹ bíi gíráàmù 115 lóòjọ́, ìdá 16 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ yẹn ló yẹ kó jẹ́ púrótíìnì, ìyẹn bíi gíráàmù 18 sí 19. Àgbàdo kò ju 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èèpo pákí gbígbẹ kò ju bíi 5. Tẹ́ ẹ bá dà á pọ̀ dọ́gba-dọ́gba, adìẹ á jẹun yó, àpò ọ̀fun rẹ̀ á yọ sọ́tọ̀ bí òróǹbó, síbẹ̀ gíráàmù 8 péré ló rí. Ìdajì ohun tó ń wá kò tilẹ̀ pé. Tí wọ́n ṣì fi ń fún yín ní ẹyin méje yẹn, ẹ tilẹ̀ kí wọn.

Ṣé a lè fọwọ́ ara wa pò ó? A lè pò ó. Ẹ jẹ́ ká po kílò 10, nítorí ogún adìẹ yín á jẹ ìyẹn fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sì ní pẹ́ nílẹ̀ débi tí á fi bàjẹ́. Àgbàdo pupa, kílò mẹ́rin àbọ̀. Sóyà tá a ti yan, kílò kan àbọ̀. Kúlíkúlí adìẹ, tí àwọn tó ń lọ fíìdì ń pè ní GNC, kílò kan. Èèrí wíìtì, kílò kan àti gíráàmù 200. PKC, ìyẹn pàǹtí èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdí inú rẹ̀ tán, gíráàmù 800. Ìkarahun òkun lílọ̀, gíráàmù 800. Eegun jíjó lílọ̀, gíráàmù 200. Ìyẹn pé kílò 10. Ẹ wá fi iyọ̀ gíráàmù 30, premix ti léyà (àpòpọ̀ fítámì àti àwọn èròjà kéékèèké) gíráàmù 25, methionine gíráàmù 15 àti lysine gíráàmù 10 sí i; àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí wà lára ohun tí ara fi ń kọ́ púrótíìnì. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oògùn adìẹ máa ń wọn àwọn tó kẹ́yìn yìí sínú ọ̀rá kéékèèké. Púrótíìnì rẹ̀ á tó 17 nínú ọgọ́rùn-ún, kálísíọ̀mù rẹ̀ á sún mọ́ 3.6, kò sì sí àpò léyà tó máa fi èyí yangàn sí yín.

Bẹ́ ẹ ṣe máa pò ó ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ kọ́kọ́ bu àgbàdo lílọ̀ bí abọ́ kan sínú básíà, ẹ da iyọ̀, premix àti àwọn hóró-hóró kéékèèké yòókù sí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ pa á pọ̀ dáadáa. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó tẹ́ tapólì sílẹ̀, ẹ da ìyókù lé e, ẹ wọ́n àpòpọ̀ inú básíà náà káàkiri orí rẹ̀, ẹ wá fi ṣọ́bìrì yí i bí bíríkìlà ṣe ń yí kọ́ńkéré: láti ọ̀tún sósì, láti òsì sọ́tùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán. Tí ẹ bá kánjú, adìẹ kan á jẹ iyọ̀ àwọn mẹ́wàá, àwọn mẹ́wàá á sì jẹ oúnjẹ tí kò níyọ̀ rárá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ àgbàdo náà kúnná bí ẹ̀lùbọ́ o. Adìẹ fẹ́ kí ẹnu òun bá nǹkan. Èyí tó bá kúnná jù, á lẹ̀ mọ́ ọn lágògo ẹnu, ìdajì rẹ̀ á sì bá atẹ́gùn lọ.

Ọ̀rọ̀ sóyà ni kí n tẹnu mọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí púrótíìnì dà nínú ìfun. Ẹ lè fún adìẹ ní sóyà tútù títí kó yó, ìgbẹ́ ló máa fi í yà. Iná ló ń pa nǹkan yẹn. Ẹ yan án nínú ìkòkò irin pẹ̀lú yanrìn, bí àwọn ẹlẹ́pà ṣe ń yan ẹ̀pà, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi pọ́n díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Ẹ lè bọ̀ ọ́ dípò yíyan: láti ìgbà tí omi bá ti hó, ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wá sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa. Eyín yín ni òṣùwọ̀n. Ẹ gé ẹyọ kan jẹ. Tó bá ṣì ń rùn bí ẹ̀wà tútù lẹ́nu, ẹ dá a padà síná. Tó bá ń ta sánsán bí ẹ̀pà, ó ti tó.

Ti àgbàdo àti kúlíkúlí, ìtàn ara mi ni mo máa fi sọ ọ́. Lọ́dún kan mo ra àgbàdo ìkórè àkọ́kọ́, inú oṣù kẹjọ, ọ̀wọ́n ti gbẹ̀yìn, inú mi ń dùn pé mo rí ẹ̀dínwó. Ó gbẹ lójú. Mo gbé àpò mẹ́rin ti ara ògiri lórí sìmẹ́ǹtì lásán, òjò sì ń rọ̀. Lọ́jọ́ tí mo tú àpò kejì, ooru ni mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀, bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni mo rí èbù aláwọ̀ ewé tó hù lára hóró rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé adìẹ kì í kú sídìí àgbàdo, mo jọ̀ ọ́, mo sá a, mo lọ̀ ọ́. Ẹyin kọ́kọ́ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, méje ló lọ. Dókítà ẹran tó la ọ̀kan níwájú mi fi ẹ̀dọ̀ rẹ̀ hàn mí: ó wú, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí pupa ẹyin tí wọ́n sè. Oòrùn tí mo sá a sí pa èbù náà, kò pa májèlé tí èbù ti fi sílẹ̀.

Aflatoxin ni wọ́n ń pe májèlé ọ̀hún. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dájú, ní 1960, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀, tí wọn ò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wádìí, kúlíkúlí ẹ̀pà tó wá láti Brazil ló wà nídìí ẹ̀. Níbí náà n'Ìbàdàn, lọ́gbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ni wọ́n ti ṣe Aflasafe tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ́n sóko kí èbù burúkú yẹn má baà ráyè lára àgbàdo àti ẹ̀pà. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kóńgò méjì-mẹ́ta lọ́jà Bódìjà, ẹ ò lè mọ oko tó ti wá. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nìyí. Ẹ mú ìgò tó gbẹ, ẹ da àgbàdo sí i kó tó ìdá mẹ́rin ìgò, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí kan sí i, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo yẹn kò tíì gbẹ tó èyí tá à ń tọ́jú. Tí iyọ̀ bá wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ẹ gbé e. Kúlíkúlí ní tiẹ̀, ẹ fọ́ ọ, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ tún bu díẹ̀ somi, torí àwọn kan ń fi yanrìn kún un. Yanrìn á lọ sísàlẹ̀, àṣírí á sì tú.

Ní báyìí, ibi tówó ti máa dín gan-an. Ohun tí ìlú ń dà nù ni a fẹ́ fi rọ́pò díẹ̀ nínú àgbàdo àti èèrí wíìtì. Mo ní díẹ̀ o.

Ẹ ò ní láti lé èèpo pákí jáde nílé, ẹ kàn ní láti mọ̀ ọ́n lò. Èèpo tútù ní oró, pàápàá ti pákí kíkorò, ó sì lè pa adìẹ kó tó di pé ilẹ̀ ṣú. Èyí tó gbẹ lóòrùn dáadáa, oró rẹ̀ ti dín kù. Èyí tá a ti rẹ kó kan kó tó gbẹ, ó tún dín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé èèpo tó nípọn máa ń lò tó ọjọ́ méjì-mẹ́ta lóòrùn, nígbà òjò ó sì máa ń hu kó tó gbẹ. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ti ILRI, tí ilé iṣẹ́ wọn wà nínú ọgbà IITA kan náà, ló fi ọ̀nà kan hàn tó jẹ́ pé gbogbo ẹlẹ́gààrí ló ti mọ̀ ọ́n láìmọ̀: wọ́n rin èèpo náà, wọ́n dì í sápò, wọ́n fi jáàkì fún omi rẹ̀, wọ́n fọ́n ọn ká, oòrùn ọjọ́ kan sì gbẹ ẹ́. Èèpo tútù kílò mẹ́ta ń fún wọn ní bíi kílò kan gbígbẹ. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń ṣe gààrí, ẹ bá a sọ ọ́, kó rin tiyín tó bá rin tiẹ̀ tán. Nínú kílò 10 wa yẹn, ẹ lè yọ kílò kan àgbàdo, kẹ́ ẹ fi kílò kan èèpo rírìn yìí dípò. Ẹ má ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí méjì sì ni. Ara adìẹ ń lo methionine láti fi lé oró pákí tó ṣẹ́kù jáde, methionine kan náà ló sì fẹ́ fi ṣe ẹyin àti ìyẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, pákí kò ní àwọ̀, bó bá pọ̀ jù, pupa ẹyin á funfun bí ẹ̀kọ. Ewé ló ń tún ìyẹn ṣe, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Èèrí ògì dáa, ó kàn jẹ́ pé kò lè pẹ́ nílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá gbà láàárọ̀, ẹ fún omi rẹ̀ kẹ́ ẹ sá a lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi rọ́pò èèrí wíìtì. Ẹ má da omidùn nù, ẹ fi rin oúnjẹ wọn lọ́sàn-án, eruku rẹ̀ á rọlẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá rin ṣá, kó tán lójúmọ́ yẹn.

Ìṣúra tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì fojú sí n'Ìbàdàn ni pàǹtí sóyà. Gbogbo ẹni tó ń ṣe wàrà sóyà àti bẹ́ẹ̀skẹ̀ ló ń fún ohun tó ṣẹ́kù sínú aṣọ, tí wọ́n ń dà á síbi tí ewúrẹ́ á ti jẹ ẹ́. Wọ́n ti lọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sè é pẹ̀lú. Tó bá gbẹ, púrótíìnì inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́rin, ju èèrí èyíkéyìí lọ. Àmọ́ omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ló ń kan. Ẹ bi oníwàrà bóyá kó tó fún un ló sè é àbí lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ tútù ló fún un, ẹ gbé e kaná fún ìṣẹ́jú ogún kẹ́ ẹ tó sá a. Mo mọ obìnrin kan lápá Ọjọ́ọ̀ tó ń fi ẹyin mẹ́fà lọ́sẹ̀ gba gbogbo pàǹtí sóyà oníbẹ́ẹ̀skẹ̀ kan. Àwọn méjèèjì ló rò pé àwọn rẹ́ ẹnìkejì jẹ.

Orí àti ìfun ẹja òkú Èkó náà wà. Ẹ sè é jinná, ẹ sá a kó gbẹ ganrangandan, ẹ lọ̀ ọ́. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin-márùn-ún nínú oúnjẹ ọjọ́ kan fún ogún adìẹ tó. Tó bá pọ̀ jù, ẹyin á máa rùn ẹja, àwọn oníbàárà yín á sì bi yín ohun tẹ́ ẹ fi ń dín in.

Kòkòrò wá ni ọ̀rọ̀ tó ń yí èèyàn nínú, bẹ́ẹ̀ òun ni oúnjẹ tí adìẹ tìkára rẹ̀ yàn kí fíìdì tó dáyé. Ikán kọ́kọ́ ni. Ẹ mú ìkòkò amọ̀ tó ti là tàbí páànù àtijọ́, ẹ kó ṣùùkù àgbàdo àti koríko gbígbẹ sí i, ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ọ̀nà ikán nírọ̀lẹ́. Kí oòrùn tó mú láàárọ̀, ẹ ṣí i. Inú rẹ̀ á funfun. Ẹ gbọ̀n ọ́n dà síwájú àwọn adìẹ kẹ́ ẹ sì yára fà sẹ́yìn, torí wọn ò ní mọ ọwọ́ yín yàtọ̀ sí ikán.

Ìdin ẹ̀wẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún un. Púrótíìnì ìdin gbígbẹ tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gbé òkú adìẹ tàbí òkú eku kọ́ kí ìdin máa já bọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ìdin tó bá jẹ òkú ẹran lè gbé oró kan dání tó ń jẹ́ kí ọrùn adìẹ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, kò ní lè gbé orí sókè mọ́, ó kú nìyẹn. Eṣinṣin tí mo fara mọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní black soldier fly, èyí tó dúdú, tó gùn bí agbọ́n, tí kì í bà lé oúnjẹ èèyàn. Ike oníhò tó kún fún èèpo èso àti èèrí ògì tútù á fà á wá fúnra rẹ̀ nígbà òjò. Àwọn ọmọ rẹ̀ á jẹ pàǹtí náà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí wọ́n bá sì gbó tí wọ́n dúdú, àwọn fúnra wọn á máa wọ́ jáde wá ibi tó gbẹ. Ẹ gbé páànù sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ da omi gbígbóná lé wọn, ẹ sá wọn, ẹ fún adìẹ ní ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì lóòjọ́. Kí ilé má baà rùn, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí fèrèsé yín, àti ti aládùúgbò yín pẹ̀lú.

Ewé kò lè rọ́pò púrótíìnì, ẹ má gba ti àwọn tó ń polówó móríńgà bí ẹni ń polówó ọ̀run. Iṣẹ́ tí ewé ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí pupa ẹyin pọ́n, ó ń fún adìẹ ní fítámì, ó sì ń fún wọn níṣẹ́ ṣe kí wọ́n má baà máa ṣá ara wọn. Tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewé ìbẹ́pẹ, móríńgà, èyí tẹ́ ẹ bá ní. Ẹ so ó rọ̀ sókè níwọ̀n orí wọn. Ẹ má dà á sílẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí èèpo ẹyin, torí ibẹ̀ ló ń jó yín lọ́wọ́. Lónìí yìí, kẹ́ ẹ tó po ohunkóhun, ẹ ra ìkarahun òkun tí kò kúnná, ẹ gbé e sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Ẹ má kàn pò ó mọ́ oúnjẹ nìkan. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí wọn, bí aago mẹ́rin. Òru ni adìẹ ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù lára èèpo ẹyin, nǹkan bí ogún wákàtí ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà á. Èyí tó bá jẹ nírọ̀lẹ́ ló máa wà nínú ìfun rẹ̀ ní gbogbo òru. Ìkarahun ìgbín náà dáa, ẹ jó o kó lè rọrùn láti gún. Èèpo ẹyin tẹ́ ẹ dín láàárọ̀, ẹ yan án gbẹ, ẹ gún un kó kúnná débi tí wọn ò fi ní mọ̀ pé ẹyin ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ti kọ́ wọn lólè tuntun.

Tí adìẹ yín kò bá jáde sílẹ̀ rárá, ẹ bu òkúta wẹ́wẹ́ sí wọn. Àwọn àgbà ní adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé ó ń gbé irin mì ni? Òkúta yẹn leyín rẹ̀. Inú iwe ló kó wọn sí.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu wọn: píà, àti èèpo àti kóró rẹ̀ pàápàá, èèpo kòkó àti kóró rẹ̀, ẹ̀wà tí kò jinná, ọbẹ̀ àná tó kún fún iyọ̀ àti Maggi, ohunkóhun tó bá ti hu, títí kan búrẹ́dì. Ata kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, adìẹ kì í mọ̀ pé ata ń ta.

Ẹ má ṣe pààrọ̀ oúnjẹ wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin: màá ra àpò léyà kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yìí, màá fún wọn ní òun nìkan fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ara wọn lè bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà ni màá máa fi àpòpọ̀ ilé kún un, ìdá mẹ́rin, ó di ìdajì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò rò pé màá kọjá ìdajì yẹn kíákíá. Ogún adìẹ kéré, ẹni tó bá fẹ́ po gbogbo rẹ̀ á máa sáré kiri torí methionine gíráàmù 15 títí tí orí á fi fọ́ ọ. Ẹ tún lè ra kọnsaintirétì léyà, tó jẹ́ pé wọ́n ti kó púrótíìnì àti àwọn nǹkan kéékèèké sí i, kẹ́ ẹ wá fi àgbàdo tiyín àti ìkarahun kún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò. Fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ kọ iye ẹyin ojoojúmọ́ sínú ìwé, ẹ̀yin ẹ kúkú jẹ́ tíṣà. Tẹ́ ẹ bá lè fi wáyà pín ilé wọn sí méjì, ẹ fi mẹ́wàá sí oúnjẹ àpò, mẹ́wàá sí àpòpọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé yẹn á sọ fún yín ju èmi lọ. Omi ńkọ́? Ogún adìẹ ń mu lítà mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́, nínú oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adìẹ tí omi rẹ̀ gbẹ láti aago méjìlá sí mẹ́rin á din ẹyin kù lọ́la, oúnjẹ kò ní lè tún un ṣe.

Omi ewúro tí Bàbá ń fún wọn, ẹ sọ fún wọn pé kò sóhun tó burú nínú ẹ̀, bó bá fẹ́lẹ́ tí kò sì ju ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kí wọ́n kàn má fi í rọ́pò abẹ́rẹ́ àti Lasota, àjẹsára tó ń dènà àrùn Newcastle tó ń pa adìẹ, kí wọ́n sì gbé omi lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adìẹ tí kò bá fẹ́ ìkorò kì í jiyàn, á kàn kọ̀ láti mu.